Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, Kòkó Ìsẹ̀ àti Àlejò Àgbáyé

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ nǹkan méjì tí àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà fẹ́ràn láti máa fi ṣèlérí fún aráàlú. Èkíní ni kí á máa kó ọjà ránṣẹ́ sókè òkun. Èkejì ni kí á máa gba àlejò àgbáyé, ìbáà jẹ́ ìdíje eré ìdárayá tàbí àjọ̀dún àṣà. Wọ́n á ní bí ọjà bá ti ń jáde, tí àlejò sì ń wọlé, owó dé nìyẹn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àlejò kì í sọ ilé di ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ tó wà nílé kí àlejò tó dé, àti ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, ni yóò sọ bóyá èrè la jẹ tàbí gbèsè. Ìkẹ́rẹ́ gan-an, ní gúúsù Èkìtì wa níbí, la ó ti mú ẹ̀rí àkọ́kọ́, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ti dé ibi àpéjọ àgbáyé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi pàtẹ ohun tí àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ń mú jáde. Àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọgbà tiwọn níbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kó lọ ni ilẹ̀kùn onígi kan láti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó di ará Ìsẹ̀, tó ń gbẹ́gi fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, àti fún àwọn ọba mìíràn káàkiri. Ohun tó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn náà ni ọjọ́ tí Ògògà gba ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lálejò: ọba jókòó sórí ìtẹ́, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbé ajẹ́lẹ̀ bọ̀, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó ń sọ nípa gbígba àlejò ló wá di èyí tí wọ́n gbé lọ fi dá àlejò lára yá nílẹ̀ ibòmíràn. Nígbà tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Museum, rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ó ní wọ́n lè fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbà, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn fún ààfin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò òwò yẹn bí oníṣòwò ṣe ń ṣe é. Ògògà kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ẹrù tí à ń díye lé bí iṣu, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ kan péré ni ìlú rí gbà, òwò sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó wá sí Ìsẹ̀ láti ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ogún irú rẹ̀. Ó tilẹ̀ pẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, Ọlọ́wẹ̀ sì ti kú ní 1938. Nígbà tó di 1998, ilé Smithsonian ní Washington ṣe àfihàn kan fún iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, òpó kan tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ sì wà ní Art Institute ti Chicago. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago ni yóò wọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni yóò sùn sí, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ náà ni yóò ti ra ìwé tí wọ́n ya àwòrán wọn sí. Àwa la ta ọjà, àwọn ló ń jẹ èrè àlejò rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹnì kan lè ní ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbàlejò náà ló jèrè ní 1924 nígbà náà. Rárá o. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn ló wọ ọgbà Wembley láàárín ọdún méjì, síbẹ̀ àfihàn náà mú àdánù wá fún àwọn tó ṣe é. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wọn ni pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n lò fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó wó o kọ́ òmíràn. Kì í ṣe àfihàn ló mú pápá yẹn tọ́jọ́. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀, ìdíje wọn sì ń kún un lọ́dọọdún. Àbájáde kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò fi sí ètò ìṣúná: ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi àfihàn náà kẹ́gàn àwọn ará Nàìjíríà, Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ òfin níbẹ̀, sì kọ̀wé ta kò wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1925, lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá bá Gẹ̀ẹ́sì fa òmìnira.

Kòkó ni ọjà tí apá ibí yìí mọ̀ dáadáa, òun la ó sì pẹ́ lé lórí jù. Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ra gbogbo kòkó. Ní 1947 wọ́n dá Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀, ní 1954 èyí tó kàn wá bọ́ sọ́wọ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù ń gbà ṣiṣẹ́ kò díjú. Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kéde iye tí wọ́n máa san fún àgbẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Bí ọjà àgbáyé bá wọ́n ju iye yẹn lọ, bọ́ọ̀dù ló ni èlé. Bí ó bá já, bọ́ọ̀dù ni yóò fi owó tó ti tò jọ gbé àgbẹ̀ ró. Owó-ibodè tún wà lórí gbogbo àpò tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Owó yìí àti owó orí ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955. Ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan. Owó yìí kan náà wà nínú tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, nínú pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960, àti nínú Ilé Kòkó tó parí ní 1965. Àgbẹ̀ tó ń bo kòkó sínú ewé ní ahéré lẹ́bàá Ìsẹ̀, tó ń sá a, tó ń kó o lọ fún alágbàtà, kò sọ pé òun ń kọ́lé sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, pápá Liberty gba àlejò tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Abala keje ni ìjà náà parí sí, Tiger ló sì borí. Ta ló jèrè rẹ̀? Òtẹ́ẹ̀lì jèrè, awakọ̀ jèrè, orúkọ Ìbàdàn sì wọ ìwé ìròyìn New York. Ṣùgbọ́n àlejò ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò pa dà wá. Pápá náà kò di ahoro nígbà náà nítorí pé iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC ti Ìbàdàn ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà ní 1976. Nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé lálejò ní 1999, Liberty wà lára pápá tí wọ́n lò. Owó kòkó ló kọ́ ọ, eré tí aráàlú fẹ́ràn ló gbé e ró, àlejò wá sórí rẹ̀. Bí ètò náà ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyẹn.

Àtakò kan wà níbí tó wúwo, kò sì yẹ ká fò ó. Wọ́n á ní: owó àgbẹ̀ ni ìjọba gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ló wá kù láti yìn? Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ní 1954. Ó ní bọ́ọ̀dù ń gba owó tí àgbẹ̀ ìbá fúnra rẹ̀ fi gbin oko sí i, tí ìbá fi dá òwò sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ní 1962 tún fi hàn pé wọ́n ti lo owó bọ́ọ̀dù ní ìlòkulò, tí òmíràn gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni kan bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí ọjà àgbáyé já, owó tí ìbá gbé àgbẹ̀ ró kò tó mọ́. Wọ́n gé iye tí wọ́n ń san fún un, wọ́n sì tún fi owó orí kún un. Ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbékọ̀yà, ti 1968 sí 1969, kò ṣẹ̀yìn èyí. Ẹni tó bá fẹ́ yin ìgbà kòkó láìdárúkọ Agbékọ̀yà, ó ń sọ ìtàn lábọ̀ ni. Síbẹ̀ àtakò yìí kò wó àríyànjiyàn wa, ńṣe ló tún là á yéni sí i. Inú àpò kan náà ni gbogbo owó náà ti jáde. Èyí tó wọ iléèwé ń bí ọmọ títí dòní. Èyí tó wọ àpò olóṣèlú kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwa ará Èkìtì ló yẹ kí èyí yé jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kòkó rán níléèwé ló di olùkọ́, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston báyìí, tí àwọn náà fúnra wọn wá di ohun tí à ń kó ránṣẹ́ sókè òkun, tí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé sì ń san gbèsè nílé.

Epo rọ̀bì yí ètò náà padà. Ní ìkórè 1970 sí 1971, kòkó Nàìjíríà lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti já ju ìlàjì lọ. Igi kòkó kò gbẹ lójijì. Owó epo ló mú kí náírà lágbára ju dọ́là lọ, nítorí náà dọ́là kan tí kòkó bá pa lókè òkun di náírà díẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, nígbà tí ìrẹsì àti aṣọ òkèèrè pọ̀ lọ́jà. Àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko, wọ́n gba Èkó lọ. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé tí a gbà lálejò ní Èkó, bọ́ sí, láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Ènìyàn tó lé ní 16,000 wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta. Ilé iṣẹ́ kan láti Bọ̀lìgéríà ló kọ́ gbọ̀ngàn Tíátà ní Ìgànmú. Irú rẹ̀ wà ní Varna nílẹ̀ tiwọn. Owó epo ra ohun gbogbo, ṣùgbọ́n a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tí àlejò lè bá wa rà padà lẹ́yìn oṣù kan. Ìbòjú ayaba Ìdíà ti Benin tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà, ẹ̀dà rẹ̀ la lò. British Museum kan náà tó gba ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ kò fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn FESTAC yóò sọ. Wọ́n á ní ilé tó lé ní 5,000 ní Festac Town ṣì ń gbé ènìyàn, pé gbọ̀ngàn Ìgànmú ti di ọ̀tun, tí wọ́n sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Wọ́n á ní iyì aláwọ̀ dúdú kò ṣeé díye lé. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí Festac Town, nítorí pé Èkó ń wá ilé kí àjọ̀dún tó dé, ó sì ń wá ilé lẹ́yìn tó lọ. Lórí gbọ̀ngàn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó láìrí ìtọ́jú, ó tún gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn báńkì kó tó dìde. Ní ti iyì, iyì dára, ṣùgbọ́n ìjọba tó bá fẹ́ fi owó ra iyì, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa, kó má pè é ní ìdókòwò. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí wọ́n fi gba eré gbogbo Áfíríkà ní 1973 di ibi tí àwọn aláìnílé ń sùn. Èyí tí wọ́n kọ́ sí Àbújá fún eré kan náà ní 2003 gba 60,000 ènìyàn, kò sì tíì pé ogún ọdún tí koríko rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ń wá ọlọ́rọ̀ tí yóò bá wọn tún un ṣe. Ní 2007 Àbújá du eré Commonwealth ti 2014, Glasgow gbà á. Ní 2025 a tún du ti 2030, Ahmedabad ní Íńdíà gbà á. Àwọn kan kẹ́dùn. Ẹni tó bá wo pápá Àbújá dáadáa lè má kẹ́dùn tó bẹ́ẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó ta kòkó tó sì gbàlejò láìpẹ́ yìí, ẹ ò sì ní gbàgbé rẹ̀, nítorí pé òun ló nà wá ní 2 sí 1 ní ọjọ́ ìkẹyìn. Côte d'Ivoire ni. Nígbà tí wọ́n gba ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lálejò ní oṣù Kìíní àti Kejì 2024, pápá mẹ́fà ni wọ́n lò ní ìlú márùn-ún. San-Pédro wà lára wọn, èbúté tí apá tó pọ̀ nínú kòkó wọn ń gbà jáde. Wọ́n tún ọ̀nà etíkun láti Abidjan dé San-Pédro ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù parí ní oṣù Kejì, ọkọ̀ kòkó ṣì ń gba ọ̀nà náà. Wọ́n tún ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kòkó nílé, débi pé àwọn àti Netherlands, tí kò ní igi kòkó kan ṣoṣo, ni wọ́n ń du ipò àkọ́kọ́ nínú kòkó lílọ̀ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ wọ́n di àǹgẹ́lì. Ní ọdún 2024 yẹn gan-an, nígbà tí iye kòkó lé ní 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, iye tí ìjọba wọn dá fún àgbẹ̀ kéré gan-an sí ti ọjà àgbáyé. Àgbẹ̀ Èmùré ní gúúsù Èkìtì wa, tí kò ní bọ́ọ̀dù kankan lórí láti 1986, ló sún mọ́ iye gidi jù wọ́n lọ.

Nítorí náà àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lóko pé kí ni a tún ń wá, kí á ṣáà máa ta kòkó ní tútù rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó dé lóòótọ́, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé iye náà ga ni òjò tó ṣe ségesège àti àrùn tó ń pa igi kòkó ní Gánà àti Côte d'Ivoire. Ìpọ́njú ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ọgbọ́n wa. Ní oṣù Kejìlá 2024 ó kọjá 12,000 dọ́là. Kí 2025 tó parí, ó ti já tó bí ìdajì. Kò sì sí bọ́ọ̀dù tí yóò gbé ẹnikẹ́ni ró. Ẹni tó ń lọ kòkó, tó ń fún bọ́tà rẹ̀, tó ń ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀, ní nǹkan mìíràn tó lè tà nígbà tí iye kòkó bá já. Ilé iṣẹ́ irú rẹ̀ ti wà ní Ilé-Olújì nítòsí wa. Síbẹ̀ gúúsù Èkìtì ń kó àpò kòkó tirẹ̀ kọjá lójú títì Àkúrẹ́.

Òfin kan tún ń bọ̀ láti Yúróòpù, tó ń ra púpọ̀ jù nínú kòkó wa. Ní 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọ ni pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn, olówò sì gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá. Igbó Ìjọba Ìsẹ̀ wà láàárín wa, ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀, oko kòkó sì ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan á ní ìrẹ́jẹ òyìnbó ni, pé àwọn tó gé igbó tiwọn tán ló wá ń sọ fún wa pé ká má gé tiwa. Ìrẹ́jẹ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọjà ló ń yan ohun tó fẹ́, ẹni tó bá lè fi àwòrán oko rẹ̀ hàn ni yóò rí i tà ní iye tó dára. Igbó tí a kò gé náà lè di ohun tí àlejò yóò wá wò ní ìlú wa, dípò kó lọ wo òpó ààfin wa ní Chicago.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìsẹ̀, Ọ̀rún, Èmùré àti Ìkẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oko ọmọ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí olówò tó béèrè. Ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ẹ ó ti máa lọ kòkó, kódà bó jẹ́ apá kan nínú ìkórè. Ẹ̀yin aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀, nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé ìwé owó àjọ̀dún tàbí ìdíje àgbáyé ka iwájú yín, ẹ béèrè ta ni yóò máa lo ilé náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí àlejò lọ, àti ọjà wo láti ọwọ́ aráàlú ni àlejò yóò rà. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ má buwọ́ lù ú.